Bàlúù Tó Dé Gánà

Ẹjọ́ páálí kékeré kan ló gbé wa dé ààfin lánàá. Olùpẹ̀jọ́ ni Tíṣà Ògúntóyè, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ jọ́gíráfì. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Mùínàt aránṣọ, ọmọ Ìwó tó ti di tiwa.

Tíṣà ló fi rọ́bà ṣe bàlúù, ó so ẹ̀rọ tó fúyẹ́ kan, tó wà nínú páálí, mọ́ ọn nídìí, kó lè máa wo ooru àti afẹ́fẹ́ ojú sánmà lọ sọ́nà jíjìn. Ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní bàlúù náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ ti dé Gánà. Kábíyèsí sì ní òun máa fi í joyè Olójú-Òfúrufú.

"Kábíyèsí, obìnrin yìí jí ẹ̀rọ mi! Ó so ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù!"

"Mùínàt, ṣé òótọ́ ni?"

"Kí n jí kí ni? Mo wà lóko ẹ̀gẹ́ mi lọ́nà Ilogbo, nǹkan já bọ́, gbì! Ọlọ́kadà kan figbe ta pé bàlúù já o. Gbogbo ayé gbé omi, wọ́n gbé àkàbà, a ń wá òkú èrò. Rọ́bà tó ya àti páálí tí kò tó páálí ṣúgà la bá."

"Kí lo wá so ó kọ́ fún?"

"Òjò ló ń bá mi wò, Kábíyèsí. Bó bá ti tutù, mo mọ̀ pé òjò ń rọ̀."

"Ẹ̀rọ mi ni!" Tíṣà fò sókè.

"Tiyín kọ́, Bàbá Tíṣà. Tiyín wà ní Gánà. Èmi mùsùlùmí gan-an gbọ́ ọ láti ìta ṣọ́ọ̀ṣì."

Bí Tíṣà bá gba ẹ̀rọ náà, kò dé Gánà nìyẹn, oyè lọ. Bó bá di oyè mú, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ṣègbé. Ó bá pe àna rẹ̀, Ọláníyì, kó wá jẹ́rìí.

"Ojú mi báyìí ni mo fi rí i tó ń wọ Gánà, Kábíyèsí."

"Níbo lo dúró sí?"

"Lórí òrùlé Tíṣà."

"Báwo ni Gánà ṣe rí?"

"Ó jọ Ilogbo. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ níbẹ̀."

Tíṣà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

"Ògúntóyè," Kábíyèsí rọra sọ ọ́, "níbo gan-an ni ẹ̀rọ rẹ wà?"

Tíṣà wo páálí. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ oyè lọ́wọ́ ìjòyè.

"Gánà ni, Kábíyèsí."

"Ó dáa. Mùínàt, máa gbé tìẹ lọ sílé. Ògúntóyè, lọ mú tìrẹ wá láti Gánà, ọjọ́ tó o bá dé lo ó joyè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni kó o fi rìn o, kó o lè máa yẹ orí igi wò lọ."