Òfin Tuntun Nítorí Ìdánwò Nọ́ọ̀sì Fadérera

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìrókò, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tí ó ń gúnyán, kí ó gbé ọmọ odó dúró! Ẹni tí ó ń jà, kí ó rántí ibi tí ó bá a dé! Kábíyèsí, Olókè ti Òkè-Ìrókò, ní kí n kí yín. Wọ́n sì ní kí n má kí yín pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Fadérera tún fìdí rẹmi! Mo ní ó tún fìdí rẹmi! Fadérera tiwa, ọmọ olóògbé Ajíbóyè tí ó máa ń kó oyin nínú igbó. Fadérera tí ó ń tọ́jú gbogbo wa ní ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀yìn ọjà. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní òkè òkun ti fi àyè iṣẹ́ sílẹ̀ dè é. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kù. Ní ti sísọ, ó yege. Ní ti kíkọ, ó yege. Ní ti fífetísílẹ̀, ó yege. Abala ìwé kíkà ni ó ń gbé e ṣubú! Sátidé yìí ni yóò tún un ṣe. Bí kò bá yege, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi àyè náà fún.

Kí ló fà á? Kábíyèsí bi Tísà Akíngbìyè tí ó ń kọ́ ọ. Tísà ní Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwa ni! Mo ní àwa ni! Ẹ má wo ojú ara yín, gbogbo wa pátá ni!

Wọ́n fún un ní ìwé kà nípa kòkòrò oyin. Wọ́n wá kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ pé kòkòrò oyin fẹ́ràn èéfín. Kí ó sọ bóyá òótọ́ ni, tàbí irọ́ ni, tàbí kò sí nínú ìwé. Kò sí nínú ìwé! Ìwé náà kò dárúkọ èéfín rárá. Ṣùgbọ́n Fadérera rántí bàbá rẹ̀ tí ó ń ti inú igbó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ìtùfù tí ó fi ń lé oyin ń rú lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìkùukùu tí ó ṣìnà, tí gbogbo ojú rẹ̀ sì wú. Ó ní irọ́ ni. Wọ́n fagi lé e!

Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ta ni ó sọ ìtàn rí ní ìlú yìí tí a kò bá a parí rẹ̀? Bí ẹnì kan bá ní òun lọ sí Òṣogbo, ẹnì kejì á ní, “O sì gbàgbé bàtà rẹ síbẹ̀.” A kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá rìn. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọmọ wa lára! Nítorí náà, títí di Sátidé, kí etí Fadérera má ṣe gbọ́ àfikún kankan mọ́. Àṣẹ nìyí!

Àṣẹ kìíní! Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní ìbéèrè, ìdáhùn mẹ́ta péré ni ó wà. Òótọ́ ni. Irọ́ ni. Kò sí nínú ìwé. Kí ni ó wà nínú àpótí tí Lájùmọ̀kẹ́ gbé ti Èkó bọ̀? Kò sí nínú ìwé! Ta ni ó ra aṣọ tuntun fún ìyàwó Kánsẹ́lọ̀? Kò sí nínú ìwé! Mo rí yín, ẹ̀yin obìnrin ìdí kànga. Ẹ pa ẹnu dé bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, mo gbọ́ yín! Ẹ ní, “Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.” Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ìwé kò mọ̀ ọ́n! Ẹni tí ó bá fi kún ọ̀rọ̀, yóò jókòó gbọ́ ìtàn bí Olorì àgbà ṣe lọ sí Jerúsálẹ́mù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sì gbọdọ̀ tòògbé!

Àṣẹ kejì! Tísà ní nínú ìdánwò náà, ìbéèrè ni a ń kọ́kọ́ kà, kí a tó ka ìtàn. Ẹni tí ó bá gbé ẹjọ́ wá sí ààfin, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ kí Kábíyèsí dá. Ta ló ni ewúrẹ́? Ta ló ni ẹ̀gẹ́ tí ó jẹ? Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ ti bàbá ńlá yín tí ó tẹ ibẹ̀ dó. Baálé Ìsàlẹ̀-Odò ní ìwọ̀sí gbáà ni. Kábíyèsí ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ìwọ̀sí náà yóò tán ní Sátidé.

Àṣẹ kẹta! Bí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ̀ nínú ìwé, ẹ fò ó bí ẹni fo kòtò omi! Ẹ máa lọ! Bàbá Ìjọ ní àwọn fẹ́ ran Fadérera lọ́wọ́. Wọ́n bá a ka ìwé ìròyìn, wọ́n pàdé ọ̀rọ̀ gígùn kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọn kò tíì kúrò níbẹ̀! Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn! Ẹni tí ó bá tún tẹ̀dó sórí ọ̀rọ̀ kan, yóò san ìṣákọ́lẹ̀!

Àṣẹ kẹrin! Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àkọlé. Ìyàwó tí ó bá fẹ́ bínú, kí ó kọ́kọ́ sọ àkọlé ìbínú rẹ̀, kí ọkọ lè mọ ọ̀nà tí òun yóò gbà sá. Mo dán èyí wò nílé mi. Àkọlé ìyàwó mi ni “Òrùlé Tí Ó Ń Jò Láti Ọdún Ìjẹta.” Orí òrùlé ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ wá kéde yìí.

Ta ló ń pariwo lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin náà ni, Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún? Ẹ ní bí ó bá yege, ta ni yóò máa gún wa lábẹ́rẹ́?

Ìbéèrè yẹn ti dé ààfin ṣáájú yín. Àwọn ìjòyè bèèrè rẹ̀. Fadérera ni ó gbẹ̀bí àwọn ọmọ ààfin. Òun ni ó ń wẹ egbò ẹsẹ̀ Kábíyèsí, tí ó máa ń rọra kọrin bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́, kí ìrora lè gbàgbé ara rẹ̀. Kábíyèsí wo ẹsẹ̀ náà títí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó yege.”

Àṣẹ ìkẹyìn nìyí o! Ẹ gbọ́ ọ dáadáa! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàdúrà pé kí ó kùnà, ì báà ṣe nínú ọkàn! Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọ̀kadà yóò gbé e gba iwájú ọjà lọ. A kì í pe ẹni tí ó ti gbéra ìrìn àjò padà. Kí ẹnikẹ́ni má pè é! Bí ọmọ bá ń ké, ẹ pọ̀n ọ́n. Bí ara bá ń gbóná, ẹ fi omi tútù nù ún. Bí ọ̀bẹ bá gé yín, ẹ di ọ̀gbẹ́ náà mú. Bí ó bá wẹ̀yìn, ẹ̀rín ni kí ó rí!

Kábíyèsí fúnra wọn yóò jókòó síwájú ààfin. Wọn yóò juwọ́ sí i. Wọn yóò sì fi agbádá bo ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ó má baà rí i.

Ohun tí ọba rán mi ni mo jẹ́ yẹn. Ẹni tí ó gbọ́, kí ó sọ fún ẹni tí ó wà lóko. Agogo dákẹ́ o!