Súùtù Funfun àti Eégbọn Alámì Pupa

Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Onísúùtù, ògbóǹtarìgì tó máa ń sọ̀rọ̀ eégbọn bí ẹni pé òun ló bí i. Ọkọ eégbọn, àna iná orí, ẹ̀gbọ́n ìdun! Ó ti kọ ìwé nípa eégbọn, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ nítorí eégbọn, àwòrán eégbọn tó tó ilẹ̀kùn sì wà lẹ́yìn àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Eégbọn gan-an fúnra rẹ̀ nìkan ni kò tíì bá a pàdé rí.

Kì í ṣe ẹ̀bi eégbọn. Inú koríko ni eégbọn ń gbé, súùtù funfun sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé. Ẹni tó bá fẹ́ kó eégbọn ní láti ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kó wá máa wọ́ aṣọ funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí koríko, kí èyí tó bá ń dúró de ẹran lórí ewé lè lẹ̀ mọ́ ọn.

"Kí èmi, odidi ọ̀jọ̀gbọ́n, wá ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Mo ní àwọn tó ń bá mi lọ."

Olórí àwọn tó ń bá a lọ ni Ìyá Ìbejì. Obìnrin yìí ti ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì ń pọn àwọn ìbejì sẹ́yìn. Ní báyìí, àwọn ìbejì ti ń bá a ka ohun tó kọ. Òun ló ń wọ́ aṣọ nínú oòrùn, òun ló ń sin eégbọn nínú ìgò ní yàrá ìwádìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń sọ ọ́ lórí rédíò. Ìwé ìwádìí rẹ̀ ti parí. Ó ku kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kó lè gba oyè rẹ̀.

Ilé ló dá ìfọwọ́sí náà dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fẹ́ ilé ìwádìí tuntun, alájà mẹ́ta, tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí níwájú kí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì lè kà á láìsọ̀kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ti sọ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Bí eégbọn bá wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àwọn á kọ́ ilé náà kíákíá kí ibà eégbọn tó wọ̀lú. Bí kò bá sí, yàrá tó ní tẹ́lẹ̀ tó o.

Ìyá Ìbejì sì ti wọ́ aṣọ káàkiri ọgbà náà, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kò rí ẹyọ kan.

"O ò wá a dáadáa," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Mo wá a dáadáa, sà. Wọ́n máa ń gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ. Eégbọn ò lè gbé ibẹ̀."

"Yọ ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ọgbà yẹn kúrò, kí n fọwọ́ sí i."

"Tí mo bá yọ ọ́, sà, irọ́ ni mo pa."

"Ta ló ní kó o pa irọ́? Mo ní kó o má sọ òtítọ́ ni. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni irọ́."

Ló bá ti ìwé náà mọ́ inú dúróà, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ìbejì wọ eegun, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó dágbére, ó jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ronú títí. Bí eégbọn ò bá sí nínú ọgbà, ṣebí èèyàn lè gbé e lọ? Àwọn tí wọ́n ń sìn ní yàrá ìwádìí ò tíì jẹ ẹran tó ní àìsàn rí, wọn ò ní ibà lára. Irọ́ náà ò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ó kàn máa kọ́ ilé ni. Ó ránṣẹ́ pe ìgbìmọ̀ ìlú, ó pe àwọn oníròyìn, ó ní òun fúnra òun máa wọ́ aṣọ nínú ọgbà lójú gbogbo ayé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, irun rẹ̀ dúdú kirimú. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Ìyàwó rẹ̀ na awò ojú sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ò ní mú u dání?"

"Àwọn onífọ́tò ń bọ̀. Ṣé arúgbó ni wọ́n fẹ́ wá yà ni?"

"Ẹ̀yin tí ẹ bu iyọ̀ sí tíì láàárọ̀ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Dókítà ní ṣúgà ò dáa fún mi."

"Dókítà kan náà ló ní iyọ̀ ò dáa fún yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ sínú ọkọ̀. Ó gba yàrá ìwádìí lọ kí àwọn yòókù tó dé, ó ṣí fíríìjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó eégbọn sí, nítorí òtútù máa ń mú kí wọ́n sùn. Ìgò kékeré méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn eégbọn inú ọ̀kan rí bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Àwọn tinú ìkejì, Ìyá Ìbejì ti kán ọ̀dà èékánná pupa sí wọn lẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan, torí wọ́n fẹ́ tú wọn sínú koríko ẹ̀yìn yàrá ìwádìí, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń rìn jìnnà tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ ìtàn ọ̀dà yìí dáadáa. Ibi gbogbo ló ti ń sọ ọ́ bí ọgbọ́n orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n eégbọn ò ju hóró yánmọtí lọ, ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì tó orí abẹ́rẹ́. Lójú tó ń bu iyọ̀ sí tíì, ìgò méjì tí ìdọ̀tí wà nínú wọn ni. Ó mú èyí tó sún mọ́ ọn, ó tì í bọ àpò àyà súùtù. Nínú ọkọ̀, ó tú òwú tó dí ẹnu ìgò náà díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá tó bá yá.

Àwọn èèyàn ti jókòó nínú ọgbà. Alága ìgbìmọ̀ ló wà níwájú, ìyá àgbà kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì, tó fi okùn ìlẹ̀kẹ̀ so awò ojú kọ́ ọrùn. Ìyá Ìbejì gbé aṣọ funfun wá.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀."

"Gbé aṣọ sílẹ̀, kó o bọ́ sẹ́yìn. Onífọ́tò ò ríran."

Ká ní ó wọ́ aṣọ lójú ẹsẹ̀ ni, bóyá ilé ì bá di kíkọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sì í rí gbohùngbohùn kó kọjá láìkí i.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló fi bẹ̀rẹ̀, "eégbọn kì í fò, kì í sáré. Èémí ló fi ń mọ ẹran. Ẹni tó bá dúró sójú kan, tó ń mí, tó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, òun ni eégbọn máa ń tọ̀ lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fa súùtù mọ́ra, ó ń bá a lọ. Ó sọ ti ibà, ó sọ ti ilé alájà mẹ́ta, ó sọ ti ara rẹ̀, ó tún padà sọ ti ara rẹ̀. "Ẹ tún gbọ́ èyí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ pé ká máa fi ọ̀dà pupa sẹ́yìn eégbọn tí a bá sìn. Bí ẹ bá rí àmì pupa, ti yàrá ìwádìí mi ni. Kò sí eégbọn inú igbó kankan láyé yìí tó ní in. Ọmọdé gan-an ò lè ṣì í mọ̀."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni oòrùn ń ràn, tí àpò àyà ń móoru. Àwọn tó sùn jí. Wọ́n gbọ́ òórùn èémí. Òwú ẹnu ìgò ò sì dí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó yá, ó wọ́ aṣọ. Ó wọ́ ọ lọ, ó wọ́ ọ bọ̀, aṣọ náà mọ́ bó ṣe wà. Ó kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ìgò ṣófo. Òógùn bò ó.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Alága pè é, "nǹkan kan ń rìn lọ́rùn yín."

"Òmíì tún wà létí wọn," ni akọ̀ròyìn kan wí.

Ẹlòmíì ì bá fara balẹ̀. Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n tàn bí ẹni tí oore bá lójijì. Ó mú ti ọrùn, ó gbé e sókè.

"Ẹ wá wò ó! Eégbọn inú ọgbà yìí! Àwọn kan ní kò sí ńbí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ yà á dáadáa."

Alága rọra dìde. Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ó ní àmì pupa lẹ́yìn."

Onífọ́tò sún mọ́ tòsí.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, mà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Mo bá ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ̀jẹ̀ kì í dán báyìí." Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú, tòun ti okùn ìlẹ̀kẹ̀. "Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ ní ọmọdé gan-an ò lè ṣì í mọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí eégbọn dáadáa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ bo nǹkan kan mọ́. Onífọ́tò ń yà á lọ ràì. Ìyá Ìbejì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọgbà tó mọ́, tí òun wá yíká nínú oòrùn àti òjò, ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́ yìí.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, sà. Ogún ni mo kó sínú ìgò yẹn. A ò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan sílẹ̀ síbi tí kò ní in rí. Ẹ bọ́ súùtù."

"Níwájú èrò?"

"Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, sà. Wọ́n ti wọnú rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bí ẹni bó iṣu nìyẹn. Aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ lórí koríko ni wọ́n ní kó ró mọ́ ìdí. Ìyá Ìbejì ń fi ẹ̀mú kékeré ṣa eégbọn lára rẹ̀, ó ń dá wọn padà sínú ìgò. Ó rí mọ́kàndínlógún. Ìkẹyìn wà láàárín ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ ẹni kì í tó, ó ń wá ibi tó máa bù jẹ.

"Mo ń mọ̀ ọ́n lára," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Jọ̀ọ́, yọ ọ́."

Wọ́n ní eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá bá a yọ ọ́. Adìẹ mọ̀ pé bí eégbọn ṣe jẹ́ oúnjẹ òun, bẹ́ẹ̀ ni òun náà jẹ́ oúnjẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n adìẹ tọjọ́ náà mú bírò dání.

"Ìwé mi tó wà nínú dúróà yín ńkọ́, sà?"

"Lọ́la. Màá fọwọ́ sí i lọ́la."

"Mo mọ̀ pé lọ́la lẹ máa sọ, sà. Ìdí tí mo fi ń gbé òmíràn kiri nìyẹn." Ó fa ìwé ìwádìí kan yọ nínú báàgì. "Ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ọgbà yìí ṣì wà nínú rẹ̀."

Alága fúnra rẹ̀ ló bá wọn di ìwé mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i níhòhò dé ìdí, awò ojú onílẹ̀kẹ̀ lójú, ìwé náà sì hàn sí i ketekete. Nígbà náà ni Ìyá Ìbejì yọ ìkẹyìn.

"Ó pé?" ni Alága béèrè.

"Ó pé, mà. Ọgbà ti mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré wọn, nígbà náà."

Ó di ọjọ́ kejì, fọ́tò náà wà níwájú ìwé ìròyìn: Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìró funfun, ikùn níta. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Eégbọn wà nínú ọgbà: ara ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ti rí i." Orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e ní lẹ́tà gàdàgbà, tí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì lè kà.

Ìyàwó rẹ̀ wo fọ́tò náà títí, ó gbé ṣúgà sún mọ́ tíì ọkọ rẹ̀.

"Awò ojú yẹn mà yẹ yín o," ló wí. "Ẹ ò béèrè ibi tí ìyá yẹn ti rà á?"