Ọjọ́ Tí Mo Sáré Ìdárayá Nílùú Ìyá Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi hewú: ọjọ́ tí èmi nìkan, láìmú igi, láìmú ìbọn, tú odidi ìlú ká kí oòrùn tó yọ. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Létí bodè ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, àwọn ará ibẹ̀ ò sì tíì gbádùn ọ̀rọ̀ yìí débi tí mo fi máa gbé e kiri.

Ìlaro ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìjókòó sì ni. Bí mo bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láàárọ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí n tó dìde. Ọ̀kadà á gbé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé, á já mi sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹni tó ń ta pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù mọ tábìlì mi, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí n nàgà. Ìyàwó mi ní àga ọ́fíìsì yẹn mọ̀ mí ju òun lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì kan wọn ẹ̀jẹ̀ mi, tó wò mí lójú, tó tún un wọ̀n. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru o. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ìjókòó yẹn." Ẹ̀rù bà mí gan-an. Télọ̀ ni bàbá mi, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí títí ẹ̀jẹ̀ ríru fi rọ ọ́ lápá, tó rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ìyá mi ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ títí tó fi kú. Mo bá pinnu ohun méjì lọ́jọ́ náà: mo máa sáré láràárọ̀, ìyá mi ò sì gbọdọ̀ gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ mi.

Èkejì rọrùn. Èkíní ni wàhálà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìlaro, ẹ sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń sáré kọjá lára àgbà láìkí i. Mi ò tíì dé ìkóríta tí mo fi pàdé Alhaji àdúgbò wa, tó ń ti mọ́sálásí bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní ṣé kò sí. Mo ní kò sí. Ó ní ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, Màmá tó wà létí bodè ńkọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kó tó ṣe àmín tó gbẹ̀yìn, òógùn tí mo fẹ́ làágùn ti padà sínú ara. Mo sún síwájú díẹ̀, mo bá ìyá kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé, òun náà ní, "Kí ló ń lé ọ láàárọ̀ yìí?" Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ dúró tì mí, ó ní kí n gùn. Mo ní mo fẹ́ fẹsẹ̀ lọ ni. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó rò pé mo ti ní ọlọ́kadà mìíràn. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dìjà, mo gun ọ̀kadà rẹ̀ padà sílé.

Ìyàwó mi ló dá a lábàá pé kí n lọ máa sáré níbi tí ojúlùmọ̀ ò pọ̀ sí. Mo sì fẹ́ lọ wo ìyá mi lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi bá mi ra ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ewé, ẹ̀wù rẹ̀ àti fìlà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti inú òkìrìkà, ó fi bàtà dúdú kan kún un. Mo wo ara mi nínú dígí, mo rí bí ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́. Ó wù mí.

Kó tó di pé mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú ìyá mi ṣe rí. Ìrẹsì tó ń ti òdìkejì bodè wọlé ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà jẹun. Ìyá mi náà ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kékeré iwájú ilé rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè, tí gbogbo ayé ń pè ní kọ́sítọ́ọ̀mù, a sì máa yọ sí wọn láàárọ̀ kùtù nígbà mìíràn láti gba ìrẹsì náà. Nítorí èyí, ẹnikẹ́ni kì í sáré lásán nílùú yẹn. Bó o bá rí ẹni tó ń sáré, o ò ní bi í léèrè. Ìwọ náà á kọ́kọ́ sá, àlàyé á máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo mọ gbogbo èyí láti kékeré. Ìjókòó ọ́fíìsì ló gbà á lórí mi.

Ìyá mi ṣì wà lórí ìrun àsùbáà nígbà tí mo yọ́ jáde. Mo rọra bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà lókèèrè tó ń rin orín níwájú ilé. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ju orín nù, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ará ìlú ìyá mi náà fẹ́ràn ìdárayá báyìí, èmi ń lọ jókòó sí Ìlaro. Mo tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tó ń pọn omi gbé korobá kalẹ̀, ó ká ìró sókè, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Àwọn géńdé mélòó kan já láti inú ilé kan, ọ̀kan nínú wọn wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Mò ń juwọ́ sí wọn, mò ń wí pé, "Ẹ kú ìdárayá o." Wọn ò dá mi lóhùn. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ èémí wọn lò ni.

Bàbá arúgbó kan tó gbé àpò ìrẹsì kékeré lé èjìká yà mí sílẹ̀ bí ẹni pé mo dúró sójú kan. Ojú tì mí, mo fi kún eré. Bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a, ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n pọ̀?"

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọ̀wọ́ èèyàn tó ń sáré bọ̀. Mo ní, "Bàbá, wọ́n pọ̀ gan-an. Àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀."

Ìgbà yẹn ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sáré.

Inú oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn ìlú la já sí. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀ láàárín ebè, wọ́n dákẹ́ wẹ́lo. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń nara. Èmi náà nà gbalaja, mo gbé ikùn sókè, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá yẹn tó gbórí sókè, tó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn. Àwọn géńdé ní obìnrin olómi làwọn rí. Obìnrin olómi ní ẹni tó ń rin orín lòun rí. Ẹni tó ń rin orín na ìka sí mi, ó ní, "Ẹni yìí lèmi rí. Mo rò pé òun gan-an ni kọ́sítọ́ọ̀mù, àfìgbà tí mo rí i pé òun náà ń sá."

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ta lo rí?"

"Bàbá, mi ò rí ẹnì kankan."

"Kí ló wá ń lé ọ?"

"Ikùn mi ni, Bàbá. Eré ìdárayá ni mò ń ṣe."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ìrẹsì rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́ nílùú yìí?"

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn ìyá mi láàárín ẹ̀gẹ́, tó ń fi oríkì pè mí kíkankíkan. Bó ṣe yọ síta, kò sí gèlè lórí rẹ̀, ó fọwọ́ di ìró rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Gbogbo ìlú ti gbé ìrẹsì tiwọn sá. Òun fi ti ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó wá mi wá inú oko. Ó dì mí lápá, ó ń yẹ̀ mí wò bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo ṣubú.

"Ṣé wọn ò ṣe ọ́ léṣe?"

"Rárá, Màmá. Ìrẹsì yín ńkọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ìrẹsì ṣe? Mo mọ̀ pé o ò lè sáré mọ́." Òun náà ń mí gúlegúle. "Mo ní wọ́n á ti mú ọ. Kí lo tilẹ̀ wá jáde?"

Mi ò lè purọ́ fún ẹni tó sá tẹ̀ lé mi láìwọ bàtà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti nọ́ọ̀sì, ti ẹ̀jẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Ó ní, "Bíi ti bàbá rẹ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó jókòó sórí ebè, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. "O wá fi pamọ́ fún mi. Èmi tí mo fi ṣíbí bọ́ bàbá rẹ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Bàbá wúkọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe eré, kí Ọlọ́run bá wa wò ó. Ó ní ṣùgbọ́n ti àìsàn lọ́tọ̀, ti ìlú tó tú ká lọ́tọ̀. Ìyá mi nu ojú, ó dìde. "Ó ń bọ̀ wá bẹ̀ yín," ló wí, "nílé-nílé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọkùnrin ń wà lóòró ṣe. Ní gbogbo agbo ilé, mo nà gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Àgbà ibẹ̀ á sọ tẹnu ẹ̀ tán kó tó ní kí n dìde, a ó tún fẹsẹ̀ rìn lọ sí òmíràn. Ìyá kan ti da ìrẹsì rẹ̀ sínú àmù omi láti fi pamọ́, ó ti wú. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi tirẹ̀ rọ́pò. Èyí tó wú la jẹ lọ́sàn-án. Ti ẹni tó sọ tiẹ̀ sí ṣáláńgá, mi ò fẹ́ rántí. Nígbà tá a fi parí, òógùn ti rin mí gbingbin, itan, apá, ikùn, kò sí èyí tí kò dùn mí. Eré àárọ̀ yẹn ò tó ìdajì ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Ṣó o rí i? Ara ti ń yá."

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ́fíìsì, mo ti ń dìde nídìí kọ̀ǹpútà, mo ń rìn yí ọgbà ká, kí wọ́n máa wò mí bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀: ara yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Bí nǹkan bá ń lé ọ, tètè sọ fún ẹni tó máa fi ìrẹsì ẹ̀ sílẹ̀ wá ọ wá inú oko.

Láràárọ̀ Sátidé, mo ṣì ń sáré nílùú yẹn. Ìyá mi ló ń ṣíwájú mi, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń kéde fún gbogbo ojúlé tá a bá dé pé, "Ẹ jókòó yín o, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ọmọ mi ló ń sáré kó má bàa kú." Àgbàlagbà bíi tèmi. Ojú máa ń tì mí, ẹ̀rín á sì máa pa mí. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni o, ó ń rìn, mò ń sáré, mi ò sì tíì bá a.