Bíréèkì Sàídì àti Epo Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Lánàá, ẹjọ́ mọ́tò ló ṣáájú ẹjọ́ gbogbo wọ ààfin. Olóyè Ọládòṣù jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀. Àwáwù, àgbà obìnrin ará ìlú Ara, ló pe Sàídì, ọkọ ọmọ rẹ̀, lẹ́jọ́. Sàídì yìí ló ra mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó lọ sílé lẹ́yìn òmìnira, etí wa ò sì sinmi láti ọjọ́ náà.

“Kí ló ṣe yín, Màmá?”

“Mo gbé epo pupa lé itan. À ń lọ sílé Sàídì yìí l'Ẹ́dẹ, níbi táwọn ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbígbẹ̀yìn mi ti ń dúró dè wá. Àfi gbáà, ó tẹ bíréèkì! Mo bá ara mi níwájú, epo sì bá mi níbẹ̀.”

“Sàídì, ewúrẹ́ ló kọjá ni?”

“Rárá, bàbá.”

“Ọmọdé?”

“Kò séèyàn. Ojú ọ̀nà mọ́ roro, ìyẹn ni mo ṣe dán an wò. Màmá ní mọ́tò mi ò yàtọ̀ sí ti Adéyẹmí tó ń tẹ̀ lé wa. Ta ló máa gbọ́ irú èébú yẹn kó dákẹ́? Inú agolo irin ni bíréèkì tiẹ̀ wà. Bó bá gbóná, tàbí tómi wọ̀ ọ́, á gbàgbé iṣẹ́. Tèmi, abọ́ irin pẹrẹsẹ ló ń bá táyà iwájú yí. Tí n bá ti tẹ bíréèkì, á fún abọ́ náà pọ̀ lọ́tùn-ún lósì!”

“Orí ìyá ìyàwó rẹ lo wá fi dán an wò?”

“Ó dúró dáadáa, bàbá.”

Ìgbìmọ̀ pòṣé. Wọ́n pe Adéyẹmí, tó ń wa mọ́tò tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ náà.

“Irọ́ ló ń pa, bàbá. Bíréèkì tèmi ò lẹ́gbẹ́. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló gbà.”

“Ta ló wá rún ìdí mọ́tò Sàídì tó wà níta yẹn?”

“Èmi ni. Àmọ́ bíréèkì mi ti ń gbà bọ̀ nígbà yẹn.”

Ó kan Fàsílátù, ìyàwó Sàídì.

“Ìyá mi ò bú mọ́tò kankan. Oorun ni wọ́n ń sùn.”

“Sàídì, èébú dà?”

“Oorun yẹn náà ni, bàbá! Ta ní ń sùn nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn àlejò tó ń dúró dè yín ńkọ́, Màmá?”

Ohùn obìnrin náà rẹlẹ̀. “Bí mo ṣe wọlé, wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ló bò mí. Wọ́n sá. Wọn ò padà mọ́, ọmọ mi ò sì jẹun dáadáa látìgbà náà.”

Olóyè dìde.

“Sàídì, fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn àlejò, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o sọ fún wọn pé epo ni. Ní ti mọ́tò, o ní kò séyìí tó mọ̀ ọ́n dúró bíi tirẹ̀. Kó lọ dúró síwájú ilé Màmá ní Ara. Ọjọ́ tí àbígbẹ̀yìn wọn bá relé ọkọ ni yóò tó kúrò.”

“Bàbá, bí ẹnikẹ́ni ò bá wá fẹ́ ẹ ńkọ́?”

“A jẹ́ pé bíréèkì rẹ dára nìyẹn.”