Ìrẹsì Tí Adégbọlá Gbé Lọ Sí Ààfin Òyìnbó

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ẹjọ́ kan gun òkè wá bá wa ní ààfin. Àjà kẹta ni ààfin wa wà, ní Thamesmead West, nílùú òyìnbó. Olóyè Múrítàlá ló ń gbé ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì kí a tó fi í jẹ Baálẹ̀ àwa Yorùbá àdúgbò yìí. Alàgbà Akínbọ́lá jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Èmi akọ̀wé jókòó sí òsì.

Fọlákẹ́mi, ìyá Ìyèbíyè, ló pẹjọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Òun ni olórí ìdáná ní ìjọ aláṣọ funfun tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Adégbọlá, ọmọ ìjọ kan náà, ló pè lẹ́jọ́. Sẹ́kúríítì ni. Ó ní ọmọ ọba ni òun. A ò tíì rí ẹni tó mọ ìlú tí bàbá rẹ̀ ti jọba.

"Fọlákẹ́mi, kí ni Adégbọlá ṣe fún ọ?" ni Baálẹ̀ wí.

"Baba, ó ba orúkọ mi jẹ́. Ó gbé oúnjẹ èèyàn méjìdínláàádọ́ta fún òyìnbó tí a ò mọ̀ rí."

"Níbo?"

"Ní ìlú àtijọ́ tí ìjọ wa lọ ṣèbẹ̀wò sí ní họ́lídè oṣù Kẹjọ. Wákàtí mẹ́ta ni kóòṣì, bọ́ọ̀sì ńlá tí a háyà, fi rìn láti Woolwich. Ààfin níhìn-ín, ààfin lọ́hùn-ún, ọgbà òdòdó tí ẹsẹ̀ ò lè rìn tán. Láti ìdájí ni mo ti wà nídìí iná. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, dòdò, adìẹ. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà ńlá, mo gbé e sí búùtù kóòṣì. Ìgbà tí a wo ààfin kìíní tán, ebi dé. Mo ní kí wọ́n ṣí búùtù. Kò sí kúlà."

"Kí ni àwọn èèyàn wí?"

"Àwọn kan ní mo gbàgbé ẹ̀ sílé. Àwọn kan ní n kò dáná rárá. Wọ́n lọ ń ra búrẹ́dì pẹlẹbẹ lọ́dọ̀ òyìnbó, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wò mí. Adégbọlá wà láàárín wọn. Kò la ẹnu. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìjọ gba ìdáná Ìkórè lọ́wọ́ mi. Ọdún méjìdínlógún, Baba. Ẹnì kan ò fi ebi kúrò nídìí ìkòkò mi rí."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni?"

Fọlákẹ́mi na fóònù rẹ̀ sí wa. Àwọn ará ààfin òyìnbó náà ló gbé àwòrán kan jáde, Ìyèbíyè ọmọ rẹ̀ sì rí i. Adégbọlá ló nà gbalaja lórí òkúta, nínú aṣọ àdúrà, láìwọ bàtà. Ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù gígùn oníbọ́tìnnì wúrà. Kúlà búlúù wà láàárín wọn. Wọ́n fi ọ̀dà èékánná pupa kọ orúkọ sí ìdérí rẹ̀: MAMA ÌYÈBÍYÈ.

Alàgbà Akínbọ́lá wo àwòrán náà títí.

"Ìdọ̀bálẹ̀ yìí dáa," ó ní. "Àyà kan ilẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà," ni Adégbọlá wí.

"Mi ò yìn ọ́."

Baálẹ̀ kọjú sí i. "Ìwọ lo gbé kúlà?"

"Èmi ni, Baba. Ṣùgbọ́n mi ò jalè. Ohun tó yẹ kí gbogbo wa ṣe ni mo ṣe."

"Kí ni ohun náà?"

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. A kì í wọ ààfin lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ìjọ tò lọ sẹ́nu ọ̀nà ọba bí ẹni tó ń lọ ra tòmátì. Kò sí nǹkan lọ́wọ́ wọn àfi fóònù. Ojú tì mí, mo padà sídìí kóòṣì lọ gbé kúlà. Ọmọ ọba ni mí."

"Ṣé wọn ò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín ni?"

"Wọ́n gbà á. Owó ìwọlé yàtọ̀ sí ẹ̀bùn ọba."

"Ta wá ni ọba?"

"Ẹni tó wà nínú àwòrán yẹn. Ẹ wo bọ́tìnnì. Irun funfun dé èjìká."

"Òṣèré ni," ni Fọlákẹ́mi wí. "Wọ́n ń sanwó fún un kó máa dúró síbẹ̀ kí àlejò lè bá a ya fọ́tò. Irun yẹn kì í ṣe tirẹ̀."

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn."

"Ọba wo," ni Baálẹ̀ bi í, "ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀?"

"Baba, ìjọba ń dín òṣìṣẹ́ kù níbi gbogbo. Mo rò pé ó ti kan ààfin."

Akínbọ́lá bo ẹnu rẹ̀. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà tí ebi ń pa ìjọ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí obìnrin yìí, kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Ìwé Mímọ́ ni, Baba. Ó ní bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń tọrẹ, kí ọwọ́ òsì má mọ̀."

"Ọwọ́ ọ̀tún ta ló se ìrẹsì náà?"

Adégbọlá wo ilẹ̀.

"Mo ní ẹlẹ́rìí," ó ní.

Ó pe Kàfí, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wọn. Kàfí kúnlẹ̀, ó kí wa dáadáa.

"Daddy, ojú mi ló ṣe. Èmi àti Uncle Adégbọlá la jọ gbé kúlà yẹn, ọwọ́ kan èmi, ọwọ́ kan àwọn. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni a gbé e kalẹ̀. Òyìnbó náà ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi pamọ́ bí ohun iyì."

Ìgbà náà ni Fọlákẹ́mi pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Kenneth ni, ẹni tó wa kóòṣì. Ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n Woolwich ni wọ́n bí i sí.

"Uncle, báwo ni?" ó kí Baálẹ̀. "Ṣé o wà?"

Akínbọ́lá wúkọ́. "Ẹ," ó ní.

"Ẹ kí ni?" ni Kenneth bi í.

"Fi í sílẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Kí lo rí?"

"Òun nìkan ló gbé e, Uncle. Orí ló fi rù ú. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n ò fi pamọ́ o. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ti ń jókòó. Ọba yẹn bọ́ irun ẹ̀ sórí tábìlì. Itan adìẹ mẹ́ta ló jẹ."

"Irọ́ ni," ni Kàfí wí. "Méjì ni."

Baálẹ̀ yí àga rẹ̀ kọjú sí Kàfí.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé méjì ni?" ni Baálẹ̀ wí.

"Daddy, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ ọba wò. Kí wọ́n má baà rò pé a fi nǹkan sí i."

"Ìwọ lo tọ́ ọ wò."

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀?" ni Kenneth wí. "Abọ́ méjì. O tún ha ìsàlẹ̀ kúlà."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́rin?"

"Awakọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun kó tó wakọ̀. Òfin ni. Mi ò sì mọ ẹni tó ni í. Wọ́n ní kí n wá jẹ, mo jẹ."

"Orúkọ wà lára ìdérí," ni Akínbọ́lá wí.

"Wọ́n ti ṣí ìdérí, innit," ni Kenneth wí, bí àwọn ọmọ Woolwich ṣe ń sọ̀rọ̀.

Akínbọ́lá yíjú sí mi. "Kọ ọ́ sílẹ̀, akọ̀wé. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í sọ òdodo. Ẹlẹ́rìí méjì la pè, alájẹ méjì ló yọjú."

Mo kọ ọ́.

Fọlákẹ́mi ń wo Kàfí. Kò gbé ohùn sókè.

"Kàfí, ìgbà tí à ń padà bọ̀, ìwọ lo jókòó tì mí. O ní ojú ń ṣú ọ nítorí ebi. Mo fún ọ ní bisikíìtì tó kù nínú báàgì mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Auntie."

"O jẹ ẹ́."

"Kí ẹ má baà fura ni, Auntie."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Adégbọlá, òótọ́ lo sọ. A kì í wọ ààfin lọ́wọ́ òfo. O wọ ààfin tèmi lónìí. Kí lo gbé dání?"

Adégbọlá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Mo rò pé ẹjọ́ ni mo wá jẹ́, Baba."

"Ó dáa. Gbọ́ ìdájọ́ rẹ. O dọ̀bálẹ̀ fún irun àyálò, o ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó dáná. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, o ó dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ìjọ. O ó sọ ohun tó o ṣe. O ò sì ní dìde títí gbogbo ẹni tó bú u lọ́jọ́ yẹn á fi bẹ̀ ẹ́ tán, lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Baba, wọ́n pọ̀."

"Ẹ ní kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Èkejì: kí ìdáná Ìkórè padà sọ́wọ́ Fọlákẹ́mi. Bí ìjọ bá kọ̀, kí wọ́n wá rí mi. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bá ẹnì kankan du ipò níbẹ̀. Kàfí ni yóò fọ ìkòkò. Kenneth ni yóò máa gbé e."

"Uncle, mi ò kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn."

"Mọ́ínmọ́ín mẹ́rin, Kenneth."

Kenneth jókòó.

"Ẹ̀kẹta. Fún ọdún kan gbáko, níbikíbi tí àwọn èèyàn wa bá ti péjọ láti Woolwich dé Thamesmead, Adégbọlá ni yóò jẹun kẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan títí ẹni tó dé kẹ́yìn á fi jẹun."

Ojú Akínbọ́lá là. "Baálẹ̀, ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Bí a bá pè wọ́n sí aago méjì ọ̀sán, àwọn kan á dé ní aago mẹ́jọ."

"Mo mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ń dúró de gbogbo èèyàn á máa rí ẹni tí kò tíì jẹ."

"Baba," ni Adégbọlá wí, "ẹ jẹ́ kí n kúkú san owó oúnjẹ náà."

"Kò sẹ́ni tó béèrè owó. Fọlákẹ́mi, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Fọlákẹ́mi yíjú sí Kenneth.

"Kí ni òyìnbó yẹn wí nígbà tó jẹ ẹ́?"

"Auntie, ó ní òun ò jẹ irú ẹ̀ rí. Ó béèrè pé ta ló sè é."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Kenneth wo Kàfí. Kàfí wo Adégbọlá. Adégbọlá ń wo fèrèsé.

"Mo ní àwọn ìránṣẹ́ mi ni," ó ní.

Baálẹ̀ nawọ́ sí ìwé mi.

"Sọ ọdún kan yẹn di méjì," ni Baálẹ̀ wí fún mi. "Kí o sì mú ìwé mìíràn. Kọ lẹ́tà sí ààfin òyìnbó náà ní èdè wọn. Sọ ẹni tó dáná, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Adégbọlá ni yóò fọwọ́ sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Fọlákẹ́mi fa àga sún mọ́ mi. Ó ń ka ohun tí mo ń kọ láti èjìká mi. Ìgbà tí mo kọ orúkọ rẹ̀ dé òpin, ó fi ìka tẹ ìwé náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba Akọ̀wé, ẹ fi kún un pé ó ti tutù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Kí wọ́n má lọ rò pé bí tèmi ṣe máa ń rí nìyẹn."

Mo fi kún un.