Ọ̀túnba Bọ́lárìnwá Gbé Jíìpù Lọ Kí Àna

Ẹ bá mi kí Ọ̀túnba Cornelius Bọ́lárìnwá, ọkọ jíìpù dúdú, a-tanná-lọ́sàn-án-gangan, a-fọnfèrè-jí-ọmọ-ìkókó! Tí ẹ bá bi í léèrè pé Ọ̀túnba ìlú wo ni, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò tún fìlà ṣe, yóò ní, "Ìlú náà pọ̀." A wá gbogbo Òṣogbo kiri, a ò tíì rí ọba tó fi í joyè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tó ní jíìpù jiyàn?

Tòkúnbọ̀ ni jíìpù náà. Kò sí ohun tí ojú ń rí lára rẹ̀ tí Ọ̀túnba ò tíì pààrọ̀. Ó pààrọ̀ iná iwájú, ó pààrọ̀ iná ẹ̀yìn, ó fi irin tó ń dán bí dígí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ra fèrè kan tó ń ké bí ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ojú ò rí ńkọ́? Ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bí fáànù rédíétọ̀ ṣe kú nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó sin ín.

Kàmál mẹkáníìkì ló túfọ̀ rẹ̀. Jíìpù ti hó láàárín àwọn alábàárù ní Ọjà Ọba, wọ́n sì tì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kàmál bu omi sí i nígbà tó tutù, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ń wo fáànù. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn ń gòkè, fáànù ò mira. Ó yẹ fíúùsì wò, ó fa wáyà láti orí bátìrì wá bá fáànù ní tààrà. Fáànù ò mira síbẹ̀.

"Ọ̀túnba, kì í ṣe wáyà, kì í ṣe fíúùsì. Fáànù yín ti kú."

"Kú báwo? Ṣebí ọkọ̀ ń sáré."

"Tó bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Tó bá dúró, tàbí tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀, fáànù ló yẹ kó máa fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn."

Ọ̀túnba wo fáànù, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Kàmál, tí mo bá dé bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé èèyàn ń rí fáànù?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó máa ń dán?"

"Fáànù? Dúdú ni, sà."

"Kí wá ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Kàmál ní, "Sùbùhánálláì." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó sì gba ọkùnrin náà nímọ̀ràn bí èèyàn ṣe ń gba ẹni tí kò fẹ́ lọ sílé ìwòsàn nímọ̀ràn. "Ó dáa. Ẹ má tan éésì o. Tí abẹ́rẹ́ bá ti ń gòkè, ẹ tan hítà, kó lè máa fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì wá sínú ọkọ̀. Ẹ wá ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà má bàa jinná."

Ọ̀túnba gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, àfi ti fèrèsé. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ṣí fèrèsé ọkọ̀ ti kígbe fún aráyé pé éésì òun ò ṣiṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kàmál, ó sì lọ ra fèrè kejì.

Ní àkókò yìí gan-an ni Ọ̀túnba ń dẹnu ìfẹ́ kọ Ọlájùmọ̀kẹ́ Ayọ̀ḿpọ̀sí, opó kan tó ń ta oògùn nítòsí Ọjà Ọba. Ọmọ Iléṣà ni Jùmọ̀kẹ́. Obìnrin tó mọ ẹ̀rín rín ni, tó mọ ọjà tà, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún un ní Itagunmodi, ẹ sì mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ Itagunmodi. Àwọn tó ń wa wúrà ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ó ní odò tí bàbá òun ń mu nínú oko náà ò ní di ẹrẹ̀ lójú òun.

Ọjọ́ tí Ọ̀túnba gbọ́ nípa oko yìí ni orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ojoojúmọ́ ló ń wá ra oògùn.

"Jùmọ̀kẹ́, bó bá ṣe aṣọ ọrùn rẹ nìkan lo ní láyé yìí, màá fẹ́ ọ."

"Ẹ̀yin Ọ̀túnba yìí náà!"

"Kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Ìfẹ́ ni wúrà tèmi."

Jùmọ̀kẹ́ ò dárúkọ ilẹ̀ fún un rí, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ wúrà. Ó yẹ kó ti fura. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ dídùn tètè máa ń wọ̀ ọ́ létí. Ó gbà láti mú un lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ ìsinmi, kí ó lọ kí Bàbá Akíndélé, àbúrò bàbá rẹ̀. Bí bàbá náà bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ di ìgbéyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀túnba kó ẹrù kan sínú bùútù, ó fi tapólì bò ó, ó tì í. Ó wọ agbádá funfun tó nípọn bí ẹní. Irun orí rẹ̀ tó ti funfun ló sì pa láró, tó dúdú ju jíìpù lọ.

Wọn ò tíì jáde ní Òṣogbo tí abẹ́rẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀túnba rọra tan hítà. Gbogbo fèrèsé wà ní títì gbọin.

"Ọ̀túnba, kí ló ń gbóná lẹ́sẹ̀ mi báyìí?"

"Éésì ni."

"Éésì tó ń gbóná?"

"Éésì òkè òkun ni. Òtútù rẹ̀ pọ̀ débi pé ara tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ooru ni." Ó gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. "Háà, òtútù! Fi ìborùn rẹ bo èjìká."

"Òógùn ń bọ́ lójú yín."

"Ìrì ni."

Jùmọ̀kẹ́ tẹ ohun tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé, kò ṣí. Ọ̀túnba ti tì í pa láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé yìí kí n má kú."

"Ká máa gba atẹ́gùn ojú títì bí ẹni tí kò ní baba? Ẹni ńlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí ojú ọ̀nà gbalasa tí jíìpù ń sáré, abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀túnba sì pa hítà. Jùmọ̀kẹ́ ń fi ìwé orin ìsìn fẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá gbé igi dí ọ̀nà, ọkọ̀ tò, abẹ́rẹ́ tún gòkè, hítà tún bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ní kí Ọ̀túnba sọ gíláàsì kalẹ̀. Ooru tó jáde gbá a lójú, ó fò sẹ́yìn. Ó wo Ọ̀túnba, ó wo obìnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé.

"Dádì," ni ọlọ́pàá wí, "ṣé ẹ ń sè wọ́n ni?"

"Òtútù ló ń mú wa."

Ọlọ́pàá náà gbé igi kúrò lójú ọ̀nà láì béèrè ìwé ọkọ̀. "Ẹ máa lọ. Ẹ sáré!"

Ọ̀túnba yí gíláàsì padà sókè.

Ká ní ó sáré wọ ilé àna rẹ̀ ni, bóyá ìtìjú ì bá mọ níwọ̀n. Ilé Bàbá Akíndélé ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá náà ń lọ, ìsìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Èrò kún ojú títì nínú aṣọ ọjọ́ ìsinmi. Awakọ̀ mìíràn ì bá yà gba ẹ̀yìn. Ọ̀túnba rí èrò, inú rẹ̀ dùn. Ó tan gbogbo iná, ó fọn fèrè méjèèjì pọ̀, ó wá ń fi jíìpù wọ́ bí ìgbín, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣàì rí i. Ọ̀kan tilẹ̀ wà nínú àwọn ìyá ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i. Òun náà juwọ́ padà. Kò wo abẹ́rẹ́ mọ́.

Èéfín kọ́kọ́ rú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ó rú gùdùgùdù. Wọ́n ní èéfín nìwà. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń ní táyà mẹ́rin. Jíìpù húkọ́, ó mì tìtì, ó sì kú sáàárín títì.

Ọ̀túnba bẹ́ jáde, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ọkọ̀. Agbádá ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Aró orí rẹ̀ ti ń ṣàn wá sójú, ó gba irùngbọ̀n, ó ń kán tó, tó, tó sórí aṣọ funfun.

Ìyá ìjọ tó ń juwọ́ lẹ́ẹ̀kan figbe ta. "Jésù! Bàbá yìí ń yọ́ o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ọ̀túnba wí láàárín èéfín. "Báyìí ni jíìpù ńlá ṣe ń kí àna."

Ó fẹ́ lọ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Èèyàn bíi mẹ́wàá ló pariwo pọ̀: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jẹ́ kó tutù, omi gbígbóná á fò bò yín lójú!" Akeem, awakọ̀ kan tó gbé àwọn ọmọ ìjọ wá, sún mọ́ ọn. "Omi la máa nílò, sà. Ṣé ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí bùútù?"

"Bùútù kì í ṣí!"

Kò sẹ́ni tó tíì ní kó ṣí i.

Bàbá Akíndélé dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ọkùnrin aláró yìí láti òkè délẹ̀. "Ṣé Ọ̀túnba tí ọmọ wa sọ nìyí? Ẹ káàbọ̀. Kí ló wà nínú bùútù?"

Ọ̀túnba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Irọ́ tó sún mọ́ ọn jù ló mú. "Ẹ̀bùn ni, bàbá. Ẹ̀bùn yín ni."

"Tiwa?"

"Ti gbogbo ẹbí, sà. Kò sí ohun kan nínú bùútù yẹn tí kì í ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ ò tíì tó."

Ẹnu ló pa á. Àwọn obìnrin ilé ti gbé orin àna. Bàbá Akíndélé rẹ́rìn-ín. "Ta ní í fi ẹ̀bùn han Ìjẹ̀ṣà tí yóò ní àkókò ò tíì tó? Ṣé ẹ mọ̀ pé òṣómàáló ni baba ńlá wa, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó? A ó lóṣòó síbí ni, títí ẹ ó fi ṣí i." Ó sì ká aṣọ sókè bí ẹni tó fẹ́ lóṣòó lóòótọ́.

Jùmọ̀kẹ́ ti jáde, wọ́n ti fún un lómi mu, ó ti ń mí dáadáa. Nígbà tó gbọ́ pé ọkùnrin náà rántí ẹbí òun, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó dárí ooru jì í. Láti bu iyì kún un lójú àwọn èèyàn òun, ó na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Bùútù fúnra rẹ̀ rọra gbéra, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń dún pí, pí, pí bí ẹni ń kọrin. Jùmọ̀kẹ́ ká tapólì kúrò.

Ṣọ́bìrì ni. Dígà ni. Asẹ́ ńlá, àti abọ́ fífẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi odò.

Orin àna dúró.

"Irinṣẹ́ oko ni," ni Ọ̀túnba yára wí. "Mo fẹ́ wá bá bàbá kọ ebè."

Bóyá wọn ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ohun kan láì fi ara rẹ̀ hàn ni Ọ̀túnba. Pátákó ńlá kan wà lábẹ́ àwọn ṣọ́bìrì, àwòrán tirẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó na àtàǹpàkò sókè. Jùmọ̀kẹ́ fà á yọ, ó kà á sókè:

"Ilé-Iṣẹ́ Wúrà Ọ̀túnba Cornelius Bọ́lárìnwá, Itagunmodi. Ilẹ̀ àdáni. Àlejò, má wọ̀ ọ́."

Ó gbójú sókè. "Ilẹ̀ ta ni, Ọ̀túnba?"

"Tiwa ni, Jùmọ̀kẹ́. Ṣebí ọ̀kan ni tọkọtaya."

"Orúkọ tèmi dà níbẹ̀?"

Ọ̀túnba wo pátákó náà bí ẹni tó rò pé òun yóò rí i. "Àyè ni ò tó. Fọ́tò mi ló gbà á tán."

Ẹ̀rín tó bú jáde lójú títì yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà yọjú lójú fèrèsé. Akeem di òpó iná mú kó má bàa ṣubú. Jùmọ̀kẹ́ nìkan ni kò rín. Ó dùn ún. Ó ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ó jọ pé òun ti rí ẹni tí òun yóò máa bá jẹun alẹ́. Ó wo ojú ọkùnrin náà, níbi tí aró ti ya ọ̀nà méjì sí ẹ̀gbẹ́ imú, ojú àti àwòrán ò jọra mọ́ rárá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti mú òun náà, kò sì lè dá a dúró.

Ọ̀túnba sáré lọ dé bùútù. Ọ̀pá Bàbá Akíndélé ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Rọra. Ṣebí ẹ ní ẹ̀bùn wa ni? Ẹ ní kò sí ohun kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Gbogbo ìjọ ló gbọ́. A ti gbà á."

Kí Ọ̀túnba tó lanu, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti gbé ṣọ́bìrì lọ sídìí gọ́tà tó ti dí láti ìgbà òjò. Àwọn obìnrin gbé ẹ̀rọ omi lọ sídìí kànga ṣọ́ọ̀ṣì. Abọ́ fífẹ̀ ni Akeem fi bu omi wá fún jíìpù nígbà tó tutù tán, kí wọ́n má bàa ní Ìjẹ̀ṣà ò lójú àánú. Pátákó nìkan ni wọ́n dá padà. Wọ́n gbé e lé Ọ̀túnba lọ́wọ́.

Bàbá Akíndélé ṣí fìlà. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa, a dúpẹ́ fún ọkùnrin yìí, tó ti Òṣogbo wá fún wa ní ohun tí a ò béèrè."

"Àmín!"

"Níbikíbi tó bá ti gbé dígà lé ilẹ̀ opó, Olúwa, jẹ́ kó bá àpáta pàdé."

"Àmín!" Ojú títì mì.

Wọ́n yíjú sí Ọ̀túnba, tó gbá àwòrán ara rẹ̀ mọ́ àyà.

"A ò gbọ́ tiyín o," ni Bàbá Akíndélé wí.

"Àmín," ni Ọ̀túnba wí sínú irùngbọ̀n.

"Ẹ ṣe é sókè, sà," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ọ̀túnba ṣe é sókè.