Àwọn Ará Ṣáínà Tó Ń Dárúkọ Sewanu

"Màmá, ẹ bá mi yọ̀! Orúkọ mi ti dé Ṣáínà!"

Dókítà Sewanu kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé erékùṣù Gberefu tó ti ń pariwo báyìí. Ọpọlọ èèyàn ni iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń ṣí agbárí, ó ń tún inú rẹ̀ ṣe, ó sì ń kọ ìwé ìwádìí nípa rẹ̀. Yunifásítì ti sọ fún un pé kó tó lè di ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn onímọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ ti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tiwọn, ó kéré tán, ìgbà irínwó. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọn yóò kà á. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí, ó ti di irínwó ó lé ọ̀kan!

Màmá Agatha, ìyá rẹ̀, gbé àgbọn tó ń bó sílẹ̀.

"Ta ló ń dárúkọ ẹ ní Ṣáínà?"

"Àwọn dókítà ni, Màmá. Ní Jámánì náà. Ní Íńdíà."

"O mọ̀ wọ́n?"

"Rárá o."

"Wọ́n mọ̀ ẹ́?"

"Wọn ò rí mi rí."

"Wọ́n wá ń pe orúkọ ẹ lẹ́yìn ẹ?"

"Lójoojúmọ́!" Sewanu ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta.

Yéè!

Màmá Agatha ká ọwọ́ lérí. "Jiwheyẹwhe! Ọlọ́run o! Ovi ṣie! Ọmọ mi! Kí lo fi ṣe wọ́n?"

Kí Sewanu tó lanu ṣàlàyé, ìyá ti so ìró le, ó di ṣọ́ọ̀ṣì, fà-fà-fà lórí iyanrìn. Ẹni tí kò rí ọ rí, tó wá ń pe orúkọ rẹ níbi tí o kò sí, ìyá yìí kì í bi í léèrè ohun tó ń wá. Àdúrà ló fi ń dá a lóhùn.

Bàbá Gbọ́láhàn, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, gbọ́ ẹjọ́ náà tán.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Irínwó ó lé ọ̀kan, Bàbá!"

"Irínwó kẹ̀!" Bàbá bọ́ bàtà. "Èmi tí mo ti dàgbà tó báyìí, ọ̀tá mi ò tó ogún!"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Gbì! Gbì! Gbì! Ilẹ̀ ń mì.

"Gbogbo ẹnu tó ń pe Sewanu ní Ṣáínà!"

"Padé!"

"Bírò tó ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Jámánì!"

"Dá sí méjì!"

Sewanu jókòó sẹ́yìn, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni òun. Ó fa fóònù yọ, kó tún fi ojú rí irínwó ó lé ọ̀kan rẹ̀.

Irínwó ó dín ọ̀kan!

Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀. Irínwó ó dín ọ̀kan náà ni! Ẹ̀rọ tó ń bá a kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti rí i pé òun ka ẹni méjì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti yọ àṣekún kúrò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n ta ló ráyè kà á? Sáyẹ́ǹsì ti fò jáde lójú fèrèsé.

"Ẹ dúró! Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má pa mí! Ẹ yí àdúrà yẹn padà!"

"Ká yí i padà sí ibo?"

"Ẹ ní kí wọ́n máa dárúkọ mi! Kí gbogbo ayé máa dárúkọ mi!"

Bàbá Gbọ́láhàn yíjú sí Màmá Agatha. "Wọ́n ti mú un lórí."

"Àìsàn àwọn tó ń tọ́jú ló ràn án," ni ìyá fi ẹkún dáhùn.

Ẹ̀rín ń pa mí o! Ọkùnrin tó ń ṣí agbárí bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì yẹn, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n tún dìde.

"Ẹnu tó ti padé!"

"Ṣí!"

"Bírò tó ti dá!"

"So pọ̀!"

Tìn-ìn!

Fóònù ló ké. Ará Jámánì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ ni. Irínwó géérégé! Sewanu fò sókè, ó gbé Bàbá Gbọ́láhàn tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó ń fi í jó yípo.

"Kí ló sọ nípa ẹ?" ni ìyá béèrè.

Sewanu sọ Bàbá kalẹ̀, ó ṣí ìwé náà, ó kà á. Ojú rẹ̀ rọ wọ̀ọ̀.

"Ó ní... ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọn kì í ti í ṣe ìwádìí ọpọlọ, kó lọ wo ti Sewanu."



"Mo sọ àbí mi ò sọ?" Màmá Agatha na ọwọ́ sókè. "Ẹlẹ́nu burúkú ará Jámánì, ẹnu ẹ..."

Sewanu sáré di ìyá rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bú mi! Èébú náà wà lára irínwó! Ẹ tiẹ̀ bá mi bẹ Ọlọ́run, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà bú mi kó tó di ọjọ́ Ajé!"